Orí Nìkan Kọ́, Òógùn Nìkan Kọ́: Ohun Tó Yẹ Kí Á Máa Yìn Lára Ọmọ Ilé-Ìwé

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ àti ẹ̀yin òǹkàwé gbogbo, púpọ̀ nínú yín ti di olùkọ́, àwọn mìíràn ti di ọ̀gá ilé-ìwé, èyí tó sì pọ̀ jù lọ ti di òbí. Ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Nǹkan mẹ́ta kan ti gbòde ní ilé-ìwé wa báyìí, pàápàá àwọn ilé-ìwé aládàáni ní ìlú ńlá. Wọ́n ní kí ọmọ gbà pé ọpọlọ òun lè dàgbà bí iṣan apá ṣe ń dàgbà. Èyí ni wọ́n ń pè ní growth mindset. Wọ́n ní kí ó ní àfojúsùn. Wọ́n ní kí ó máa dúpẹ́. Ẹ óò rí wọn lára ògiri kíláàsì, ẹ óò gbọ́ wọn ní àpéjọ òwúrọ̀. Àwọn àgbà kan á ní ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni. Àwọn mìíràn á ní ṣebí gbogbo rẹ̀ ló wà nínú òwe wa, kí la tún ń wá lọ sókè òkun?

Èmi ò bá ẹgbẹ́ méjèèjì lọ. Ẹ̀kọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dára, ẹ̀rí sì wà lẹ́yìn wọn dé ààyè kan. Àléébù ibẹ̀ ni pé a ti sọ wọ́n di orin àkọ́sórí. A gbá apá tó rọrùn mú, a fi apá tó ṣòro sílẹ̀. Apá tó ṣòro náà ni ọ̀nà: kí ni ọmọ yóò ṣe lọ́la tí kò ṣe lónìí? Bí a bá ka àwọn ìtàn tiwa dáadáa, a óò rí i pé wọn kò fi apá yìí sílẹ̀. Àwa la fi í sílẹ̀.

Ìyìn tó ń ṣe ọmọ níbi

Ní ọdún 1998, Claudia Mueller àti Carol Dweck tẹ ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ìbéèrè tí kò le jù. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, wọ́n yin àwọn kan pé ọpọlọ wọn pé, wọ́n yin àwọn mìíràn pé wọ́n ṣiṣẹ́ gidi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé èyí tó le gan-an dé, tí ọwọ́ àwọn ọmọ náà kò sì ká a. Ìgbà tí wọ́n wá fún wọn ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, tó rọrùn bíi ti àkọ́kọ́, àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ kò ṣe tó bí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tí wọ́n yìn fún iṣẹ́ ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tó yẹ kó dùn wá jù kò tíì dé. Wọ́n ní kí àwọn ọmọ náà kọ máàkì wọn sínú ìwé fún ọmọ ilé-ìwé mìíràn tí wọn kò mọ̀ rí. Nǹkan bí 40 nínú 100 àwọn tí wọ́n yìn fún ọpọlọ ló bu irọ́ mọ́ máàkì wọn. Àwọn tó ṣe bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n yìn fún iṣẹ́ kéré sí èyí gidigidi.

Ẹ gbé ìyẹn wá sílé. "Ọmọ yìí mà gbọ́n o!" "Orí rẹ̀ pé!" "Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ni!" Ìfẹ́ ló ń mú wa sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a ti fi orúkọ ọlọ́gbọ́n pè kò ní fẹ́ kí orúkọ náà bọ́ lára òun. Ìbéèrè tó le di ewu fún un, torí bí ó bá kùnà, ta ni ó kù tó máa jẹ́? Lẹ́yìn èyí ni a óò wá máa pariwo pé àwọn ọmọ ń ra expo, pé àwọn òbí ń sanwó sí gbọ̀ngàn ìdánwò tí wọ́n ń pè ní miracle centre. Àwa tí a fi ọdún méjìlá yin ipò kìíní, tí a kò bi ọmọ léèrè rí bí ó ṣe dé ibẹ̀, kí la rò pé yóò kọ́ lọ́wọ́ wa?

Bí ìyìn bá ń ṣe ọmọ tó gbọ́n níbi báyìí, kí ni èébú ń ṣe fún ẹnìkejì rẹ̀? Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà "olódo", tí olùkọ́ ń sọ, tí òbí ń sọ, tí ọmọdé náà ti ń sọ fún ara wọn. Ẹ rántí ohun tí a kọ́ nípa ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀: "oní" máa ń sọ ẹni tó ni nǹkan. Ẹni tó ní owó ni olówó, ẹni tó ní aṣọ ni aláṣọ. Olódo wá ni ẹni tó ni òdo. Ẹ rí iṣẹ́ tí mọ́fíìmù kékeré yẹn ṣe? Ó mú máàkì tí ọmọ gbà ní ọjọ́ Ajé kan, ó sọ ọ́ di dúkìá rẹ̀, tí yóò máa gbé kiri bí ẹni gbé ilé. Kò sí àkọlé ara ògiri tó lè bá ọ̀rọ̀ yẹn jà bí olùkọ́ bá ṣì ń sọ ọ́ lẹ́nu.

Ohun tí ẹ̀rí sọ àti ohun tí kò sọ

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé ẹ̀kọ́ Dweck ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìwé rẹ̀ tó lókìkí jáde ní ọdún 2006, ayé sì gbà á bí ẹni gba òjò lẹ́yìn ọ̀dá. Nígbà tó yá ni àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọn òjò náà. Ní ọdún 2019, David Yeager àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí ńlá kan jáde nínú ìwé ìròyìn Nature. Akẹ́kọ̀ọ́ bí 12,000 ní ilé-ìwé ìjọba 65 ní Amẹ́ríkà ló kópa. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣe lórí kọ̀ǹpútà kò tó wákàtí kan. Máàkì àwọn tó wà lẹ́yìn nínú wọn gbéra, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́wàá póìǹtì kan péré ni, lórí òṣùwọ̀n tó parí sí 4. Àǹfààní ni, torí iṣẹ́ náà kò gba àkókò, kò sì gba owó. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ìyanu. Nínú ìwádìí kan náà, ibi tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti ka ìṣòro sí ohun tó yẹ kí èèyàn kojú ni èso rẹ̀ ti hàn jù.

Ní ọdún yẹn kan náà, èsì ìwádìí mìíràn jáde ní Ẹ́ńgílándì, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 101. Àwọn olùkọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, wọ́n sì kọ́ àwọn ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ìṣirò àti ìwé kíkà, kò sí ìyàtọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n kọ́ àti àwọn tí wọn kò kọ́.

Dweck fúnra rẹ̀ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ní ọdún 2015, ó kọ àpilẹ̀kọ kan sínú Education Week, ó ń ráhùn pé àwọn olùkọ́ ti sọ ẹ̀kọ́ òun di "o gbìyànjú" lásán. Ọmọ ò mọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ, olùkọ́ ní "o káre, o ṣe wàhálà." Ìyẹn kọ́, ó ní. Bí iṣẹ́ ò bá yọrí, kí ọmọ yí ọ̀nà padà, kí ó sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n lọ. Ìgbìyànjú nìkan kò tó.

Ẹ mú gbólóhùn yẹn dání. Òun ni a óò fi wo ewì kan tí gbogbo wa mọ̀.

Ewì Bàbá Ọdúnjọ

Kò sí ọmọ Yorùbá tó lọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà kan tí kò mọ ewì tí Olóògbé J. F. Ọdúnjọ (1904 sí 1980) kọ lórí iṣẹ́ sínú Aláwìíyé. Mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ẹ ti ń kà á nínú ọkàn yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sọ pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ growth mindset ní èdè Yorùbá, kó lọ ka ewì yẹn.

Òótọ́ wà níbẹ̀. Ẹ wo bí Bàbá Ọdúnjọ ṣe bá ọmọ sọ̀rọ̀: ọ̀rẹ́ ni wọ́n pè é. Wọn ò sọ̀rọ̀ orí rere tàbí orí burúkú fún un. Wọ́n gba ọ̀rọ̀ ẹbí, èyí tó lágbára jù nílẹ̀ wa, wọ́n sì gbé e lé apá ọmọ náà fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ọrọ̀ bàbá àti ìyá kì í ṣe ohun àfẹ̀yìntì. Ní àwùjọ tí à ń béèrè "ọmọ ta ni ọ́?" kí á tó béèrè "kí lo lè ṣe?", ọ̀rọ̀ ìgboyà nìyẹn. Wọn ò sì dá iṣẹ́ ọwọ́ àti ẹ̀kọ́ ìwé níjà. Wọ́n so wọ́n pọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ka ewì náà bí alárìíwísí. Ó sọ ìdí tí a fi ń ṣiṣẹ́, ó sì sọ ọ́ débi tí kò ṣeé gbàgbé. Kò sọ bí a ṣe ń ṣe é. Ọmọ tó jókòó ti ìṣirò ìdá láti ìrọ̀lẹ́ títí iná fi kú, tí kò sì yé e, kí ni ewì náà ní fún un? Kó tún máa ṣiṣẹ́. Mi ò dá Bàbá lẹ́bi o. Ewì ìyànjú ni wọ́n kọ, wọn ò kọ ìwé atọ́nà. Àwa tí a fi í ṣe gbogbo ìdáhùn ni mo ń bá wí, tí a óò ní kí ọmọ tó gba 12 nínú 100 dúró kó ké e sókè níwájú ẹgbẹ́ rẹ̀, bí ẹni pé ọ̀lẹ ló ṣe é.

Ibo la ti máa rí ìyókù? Ẹ jẹ́ kí á lọ sínú Ifá.

Iyọ̀ Afùwàpẹ́

Àwọn tó ka iṣẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wándé Abímbọ́lá pẹ̀lú mi máa rántí ìtàn àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tó ń lọ yan orí ní ilé Àjàlá Alámọ̀: Orísẹ̀ẹ́kú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kán lójú ọ̀nà. Wọ́n dé ilé Àjàlá, wọn ò bá a nílé, wọ́n bá gbé orí tó wù wọ́n. Ojú ni wọ́n fi yàn án. Òjò pa orí wọn lọ́nà ayé, ó fọ̀ ọ́ dànù díẹ̀díẹ̀. Wọ́n dáyé, wọ́n ṣiṣẹ́ títí, iṣẹ́ ò gbè wọ́n.

Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ yà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n dáfá fún un, ó rúbọ, ó sì mú iyọ̀ àti owó lọ́wọ́. Ó bá oníbodè lójú ọ̀nà tó ń fi eérú se ọbẹ̀. Ó béèrè ìdí, ó sì bu iyọ̀ sí i fún un. Inú oníbodè dùn, ó mú un dé ilé Àjàlá. Àjàlá ti sá pamọ́ nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san gbèsè náà. Ìgbà yẹn ni Àjàlá fúnra rẹ̀ jáde, tó dán orí wò lójú rẹ̀, tó sì bá a mú èyí tó dára.

Ohun tí a sábà máa ń sọ nípa ìtàn yìí ni pé ó fi hàn pé àyànmọ́ kò gbóògùn. Bẹ́ẹ̀ ló sì parí lóòótọ́: nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń wò ó tìyanutìyanu, ìdáhùn ni pé ibì kan náà ni wọ́n ti yàn án, kádàrá ò kàn papọ̀ ni. Mi ò ní fipá sọ Ifá di Dweck. Ìtàn yìí kò sọ pé gbogbo nǹkan ló ṣeé yí padà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ya àwọn mẹ́ta náà sọ́tọ̀. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Orísẹ̀ẹ́kú àti Orílèémèrè rìn, wọ́n yára, nígbà tí wọ́n sì dáyé wọ́n ṣiṣẹ́ bí ẹrú. Nǹkan mẹ́ta ni Afùwàpẹ́ ṣe tí wọn kò ṣe: ó gba ìmọ̀ràn kó tó lọ, ó fojú sí ìṣòro ẹni tó bá lọ́nà, ó dúró de ẹni tó mọ iṣẹ́ náà. Ọ̀nà ló yà wọ́n, kì í ṣe agbára. Ìtàn kejì tún wà nínú Ifá tó sọ pé gbogbo Orí péjọ, wọ́n gbìmọ̀, wọn ò sì pe Ẹsẹ̀. Ìmọ̀ wọn ò ṣẹ, àfi ìgbà tí wọ́n tó pe Ẹsẹ̀. Orí tó dára jù lọ, bí kò bá lẹ́sẹ̀, ibi tó wà ni yóò wà. Ẹsẹ̀ tó sì ń sáré láìmọ ibi tó ń lọ, àárẹ̀ nìkan ni yóò mú bọ̀.

Àfojúsùn kì í ṣe "mo fẹ́ di dókítà"

Bí a bá wá béèrè lọ́wọ́ ọmọ pé "kí lo fẹ́ dà?", tó ní dókítà, lọ́yà tàbí ẹnjiníà, a máa ń pàtẹ́wọ́, a máa ń ní ó ti ní àfojúsùn. Kò tíì ní. Ọdẹ kì í fojú sun igbó. Ẹran ló ń fojú sùn. Ohun tí Edwin Locke àti Gary Latham fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé nìyẹn: àfojúsùn tó ṣe pàtó, tó sì le díẹ̀, a máa mú iṣẹ́ jáde ju "ṣe ìwọ̀n tí o bá lè ṣe" lọ. Gabriele Oettingen fi kún un nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 2014 pé ẹni tó kàn ń fi ọkàn ro adùn àṣeyọrí lásán lè pàdánù agbára tí yóò fi wá a. Kó ro ìdènà náà pẹ̀lú. Peter Gollwitzer ní kí èèyàn so ìpinnu rẹ̀ mọ́ àkókò àti ibi: bí eléyìí bá ṣẹlẹ̀, màá ṣe tọ̀ún.

Ẹ gbọ́ bó ṣe dùn lẹ́nu ọmọ ọdún mẹ́jọ: "Kó tó di ọjọ́ Ẹtì, n óò mọ ìlọ́po méje. Bí mo bá jẹun alẹ́ tán, n óò kà á fún bùọ̀dá mi lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí iná bá lọ, n óò kà á lórí." Kò sí dókítà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ wà níbẹ̀.

Ọpẹ́ àti ẹ̀tọ́

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ ni mo fi sẹ́yìn torí ibẹ̀ ni ìṣọ́ra pọ̀ sí jù. Robert Emmons àti Michael McCullough fi hàn ní ọdún 2003 pé àwọn tó ń kọ ohun tí wọ́n dúpẹ́ fún sílẹ̀ máa ń rí ayé wọn dára ju àwọn tó ń kọ ìyọnu wọn sílẹ̀ lọ. Jeffrey Froh àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ 221 ọmọ ilé-ìwé ní ọdún 2008. Wọ́n kọ nǹkan márùn-ún lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, èsì rẹ̀ sì dára bákan náà.

Àwa Yorùbá kì í kọ ọpẹ́ sílẹ̀. A máa ń gbé e lọ bá ẹni tó ni ín. Kì í sì í tán lójú ẹsẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a ó tún ní "ẹ ṣé àná o." Ọpẹ́ wa nílò èèyàn, ó nílò ohun pàtó tí èèyàn náà ṣe. Bí mo bá jẹ́ olùkọ́ kíláàsì kẹrin, mi ò ní ra ìwé ọpẹ́ fún ẹnikẹ́ni. N óò ní kí ọmọ tó yé lánàá wá bá ẹni tó ṣàlàyé fún un lónìí, kó ní, "O ṣé àná. Bí o ṣe fi ọsàn pín in ló jẹ́ kó yé mi." Ẹ wò ó, ọpẹ́ nìyẹn, ọ̀nà sì wà nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ń bẹ̀rù nìyí. Òwe wa ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Òwe tó dára ni, ṣùgbọ́n oore ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, kì í sọ̀rọ̀ gbèsè. Òfin UBE ti ọdún 2004 sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ẹ̀tọ́ ọmọ Nàìjíríà, lọ́fẹ̀ẹ́. Ọmọ tó bá ní òrùlé kíláàsì àwọn ń jò, tó ní àga ò tó, kì í ṣe abaramóorejẹ. Bí a bá fi ẹ̀kọ́ ọpẹ́ pa á lẹ́nu mọ́, a ti kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù, a ò kọ́ ọ ní ìwà. Ẹnu tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ olùkọ́ lè béèrè lọ́wọ́ ìjọba.

Nígbà tí wọ́n yí ọ̀nà padà

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń rò pé ọmọ nìkan ló yẹ kó yí padà, kó rántí Ilé-Ifẹ̀. Ní ọdún 1970, Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A", Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan nínú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Orí ọmọ ò yàtọ̀, àdúgbò ò yàtọ̀. Àwọn àgbà ló yí ọ̀nà padà. Mélòó nínú àwọn tí a pè ní olódo ló jẹ́ pé èdè tí a fi ń bi wọ́n léèrè ni wọn ò gbọ́?

Nítorí náà, bí káàdì èsì bá dé ní ìparí táàmù yìí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo àyè tí ẹ ti ń kọ "ó lè ṣe jù báyìí lọ". Gbólóhùn yẹn kò sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ohun kan tí ọmọ náà ṣe dáadáa àti bó ṣe ṣe é, kí ẹ wá kọ ohun kan tí yóò ṣe yàtọ̀ àti ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó wo ipò, ẹ béèrè pé, "Èwo ló le jù fún ọ, kí lo ṣe sí i?" Kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ gbọ́ ìdáhùn. Ibẹ̀ ni ẹ óò ti mọ̀ bóyá iyọ̀ wà lọ́wọ́ ọmọ yín, tàbí ẹ kàn ń lé e pé kó máa sáré.